Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré Etí Ọ̀sà Èkó, Lórí Tábìlì ní Barking

Àwọn tó wá sí àfihàn wa ní àárín ìlú Barking ti fi ojú ara wọn rí i: pákó mẹ́rin tí a tò pọ̀, omi ọ̀sà tí a fi ọ̀dà kùn, igi àgbọn, ilé alájà, àti ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tó ń sáré lórí afárá. Àwọn tí kò ráyè wá ti ń bi wá pé kí ni ọkọ̀ ojú irin eléèéfín ń wá ní Màrínà. A ní kí a kúkú kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀.

Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ ní Èkó lọ́kàn nínú wa. Southend ni a fẹ́ ṣe. Àwọn ọmọ wa mọ Southend dáadáa. Bí oòrùn bá ti yọ lọ́jọ́ Sátidé, a ó di ìrẹsì àti ẹran díndín sínú kúlà, a ó wọ ọkọ̀ ní sítéṣàn Barking, ó di etí òkun. Ọ̀nà náà ti pẹ́. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 1854 ni wọ́n ṣí sítéṣàn Barking, ní 1856 irin náà sì dé Southend. Láti ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ti ń gba ibẹ̀ lọ fẹ́ atẹ́gùn. Ilé sítéṣàn tí à ń wọ̀ lónìí, 1961 ni wọ́n ṣí i, láti 1995 ni ìjọba sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣàdédé wó.

Barking gan-an ti fìgbà kan jẹ́ ìlú apẹja. Lórí odò Roding, níbi tí Town Quay wà, ni ìdílé Hewett ti ń kó ọkọ̀ ìpẹja wọn jáde sí òkun, ọkọ̀ wọn sì pọ̀ jọjọ. Ọkọ̀ ojú irin ló gba iṣẹ́ náà lọ. Nígbà tí irin ti dé Yarmouth, tí ẹja ibẹ̀ lè tètè dé ọjà Lọ́ńdọ̀nù, kí ni apẹja tún ń wá nínú odò tó jìnnà sí òkun? Ní àwọn ọdún 1860 wọ́n kó lọ sí ọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ohun tó mú ojú àwọn ọmọ ní Southend ni afárá gígùn tó wọ inú òkun lọ, èyí tó ju mítà 2,100 lọ, tí ọkọ̀ ojú irin kékeré ń gbé èèyàn dé ìparí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ ẹnjiníà ṣírò rẹ̀. Ní ìwọ̀n tí a fẹ́ lò, níbi tí mítà 87 ti di mítà 1, afárá náà nìkan yóò gba mítà 24 ó lé. Yóò jáde lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì dé títì. Ibi tí ẹ̀gbọ́n wa ti ń ka ìwé nípa rẹ̀ ló ti rí i pé ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6 ni àlàfo àárín irin méjèèjì ibẹ̀ títí di 1978. (Nígbà tí wọ́n tún un ṣí ní 1986, wọ́n ti dín in kù sí ẹsẹ̀ bàtà 3.) Bàbá kan nínú wa, tí bàbá tirẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Lóko ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta títí ó fi gba owó ìfẹ̀yìntì, gbé orí sókè. Ó ní ìwọ̀n irin Nàìjíríà nìyẹn. Òótọ́ sì ni. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ Southend kú.

Ní 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó lọ sí òkè. Ẹ má gbàgbé pé ní 1892, ọdún mẹ́rin péré ṣáájú, ni wọ́n fi ìbọn ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, àti pé ní 1893 ni wọ́n gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn. Ẹ̀yìn ìbọn àti ìwé ni irin tọ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, orí wọn ni wọ́n sì fi ru erùpẹ̀ rẹ̀. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1901.

Ṣùgbọ́n ibi tí irin náà ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe inú Èkó gan-an. Ìdó ni, erékùṣù kékeré tó wà láàárín Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta àti Èkó. Àwọn ilé ìtajà ńláńlá, ilé kọ́sítọ́ọ̀mù, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń so okùn sí, Màrínà ni gbogbo wọn wà. Ẹni tó bá kó èkùrọ́ láti Ìbàdàn dé Ìdó, ó ku bí yóò ṣe sọdá. Afárá tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter pè ló so Ìdó mọ́ Èkó. Ní 1902 wọ́n tẹ́ irin mìíràn sórí afárá náà, irin tóóró tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ínṣì 6, ẹ́ńjìnnì kékeré eléèéfín sì ń fa ọkọ̀ láti Ìdó sọdá sí Èkó, ó ń bá etí ọ̀sà lọ ní Màrínà. Bẹ́ẹ̀ ni o, Èkó ní tíráàmù.

Ọdún 1902 kan náà ni ọkọ̀ District kọ́kọ́ dé Barking láti àárín Lọ́ńdọ̀nù. Eléèéfín ni òun náà nígbà náà, 1908 ni wọ́n tó fi iná mànàmáná sí i. A kọ èyí sórí káàdì, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú pákó, òun sì ni ohun tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn jù láti máa kà fún àlejò.

Tíráàmù Èkó gbé èrò títí di ìparí 1913. Lẹ́yìn náà ayé yí padà. Òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́nu ọ̀sà, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé, ni wọ́n ń fi odi òkúta borí. Nígbà tó sì di 1926, wọ́n ṣí èbúté Àpápá, ẹrù òkè ń ti inú ọkọ̀ ojú irin bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tààrà láìfi ẹsẹ̀ kan Màrínà. Síbẹ̀ irin tóóró náà kò kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣì wà tó ń ṣe títí di 1933, iṣẹ́ náà ló sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Ìgbẹ́ ni ó ń kó. Àwọn agbépòó a gbé péèlì láti ilé dé ilé, wọn a kó o sínú ọkọ̀ irin náà, ọkọ̀ náà a gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dà á sínú ọ̀sà.

Màmá wa kan tó dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀ ní òun kò ní í jókòó níbi tí wọn yóò ti gbé ìgbẹ́ Èkó síwájú àwọn òyìnbó. Ó ní ṣé a kò rí ohun mìíràn tí a lè fi hàn wọ́n ni: Ìgunnukó, ẹ̀yọ̀, ilé àwọn Àgùdà. A kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò nítumọ̀. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ibi tí a ti wá. Àwọn ọ̀dọ́ ní bí a bá yọ ọ́ kúrò, irọ́ ni a pa nìyẹn, nítorí ọdún 20 nínú ọdún 31 tí irin náà fi wà, iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe. Ìpàdé méjì ni a fi jiyàn lé e lórí. A pín sí méjì débi pé àwọn kan kò dáhùn ìkíni.

Odò Barking ló parí ìjà náà. Arábìnrin kan lára wa rán wa létí ohun tó wà ní Beckton, nítòsí ẹnu Barking Creek. Lẹ́yìn òórùn burúkú tó bo Lọ́ńdọ̀nù ní 1858, Joseph Bazalgette la ihò ńlá sábẹ́ ìlú láti kó ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, Beckton sì ni ẹnu ihò ti apá àríwá. Láti àwọn ọdún 1860 ni wọ́n ti ń tú u sínú odò Thames níbẹ̀ ní tútù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1878, ọkọ̀ ojú omi Princess Alice, tó ń kó àwọn tó lọ gbafẹ́ ní etí òkun bọ̀ wá sílé, forí sọ ọkọ̀ mìíràn lágbègbè yẹn. Èèyàn tó ju 600 lọ ló kú, nínú omi tí ìgbẹ́ ìlú kún. Màmá wa dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ó dáa, kí a gbé e sí i, ṣùgbọ́n kí a kọ ti Beckton sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe kọ́ ọ nìyí, fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò. Mìlímítà 3.5 ni a fi dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Irin ńlá ti Ìdó wá di mìlímítà 12, ti tíráàmù di 9. Irin 9 wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà tó ń ta irú nǹkan báyìí, ti 12 ni a wá tí a fi rẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì Èkó lọ́jà, a ra èyí tó ń lo irin 9, a bọ́ ara rẹ̀ kúrò, a sì fi páálí ṣe ara tuntun fún un. Iyanrìn gidi ni a fi ṣe etí ọ̀sà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó sì ń dá a dúró. Orí afárá náà ti gígùn jù, a gé e kúrú. Bàbá ọmọ Lóko kò tíì forí jì wá lórí ìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ló kun àwọn ọkọ̀ agbépòó. Òun ló sì ń ṣàlàyé wọn fún àlejò ní ọjọ́ àfihàn, pẹ̀lú ìdùnnú tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá òyìnbó kan tó ti gbé Barking láti kékeré dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ti gun ọkọ̀ orí afárá Southend nígbà tí irin rẹ̀ ṣì jẹ́ ìwọ̀n ti Ìdó, kò sì mọ̀ rí pé irin Nàìjíríà bá a dọ́gba.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 dé Màrínà, ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nǹkan bí ọdún 110 ti kọjá láti ìgbà tí tíráàmù ti gbé èrò kẹ́yìn níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń lọ sílé lè yà sí Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ilé àtijọ́ tí ẹgbẹ́ Legacy tún ṣe, tí wọ́n kó àwọn àwòrán àti nǹkan ìgbà àtijọ́ rélùwéè sí. A sì bẹ̀ yín, ìdílé tó bá ní fọ́tò baba tàbí baba ńlá tó ṣiṣẹ́ ní Lóko tàbí ní Ìdó, kí ẹ jọ̀wọ́ mú un wá sí ìpàdé. A ó ya ẹ̀dà rẹ̀, a ó dá a padà lọ́jọ́ náà. Pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní gáréèjì ọmọ ẹgbẹ́ wa kan. Afárá ṣẹ́ nígbà tí a ń gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bàbá ọmọ Lóko ti gba àtúnṣe rẹ̀ sọ́wọ́, ó sì ti kìlọ̀ pé yóò gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.