Àwọn Ahoro Tí Ó Yí Wa Ká

Ẹ̀yin ará, nígbà tí ìjọ kan bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó tọ́ kí a rántí àwọn tí ó ti kọjá lọ, kí a sì bèèrè ibi tí wọ́n ti wá. Púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa ni ìlú wọn kò sí mọ́ lónìí; inú ahoro ni wọ́n ti jáde. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ilé àti oko tí ó di igbó ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́.

Bí a bá gbéra láti Post Office Ìlọrin, tí a kọjú sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, níwọ̀n 60 kìlómítà ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní Katunga. Clapperton dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1826, ó sì bá Aláàfin lórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọdún 1840 tó pé, ìlú náà ti túká. Afọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, ti ṣọ̀tẹ̀ láti Ìlọrin. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ agbára bọ́ sí ọwọ́ Abdulsalami. Ogun sì tẹ̀ lé ogun títí Aláàfin Olúewu fi kú nínú ogun Ẹlẹ́duwẹ̀. Àtìbà sì tún Ọ̀yọ́ dó sí Àgọ́ Ọjà. Kì í ṣe olú ìlú nìkan ni ó parun. Àwọn abúlé tí ń bọ́ ọ náà fọ́nká: àwọn kan sá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn kan sí Ìbàdàn, àwọn mìíràn sì wọ Ìlọrin gan-an.

Ahoro kì í ṣe ibi òfo lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò. Ilé amọ̀ a máa yọ́ padà sí ilẹ̀, ṣùgbọ́n igi oṣè a máa dúró, àpáta a sì máa pa ojú ibi tí àwọn obìnrin ti lọ ọkà mọ́. Lórí ààtàn ni àpáàdì, eérú àti egungun ẹran wà. Lára àpáàdì mìíràn, a ó rí àmì ṣùkù àgbàdo tí amọ̀kòkò yí lé amọ̀ tútù fún ẹwà. Àgbàdo kò sì sí ní ilẹ̀ Áfíríkà kí ọkọ̀ òyìnbó tó gbé e wá láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1492. Nítorí náà àmì kékeré yìí fi hàn pé ìkòkò náà kò dàgbà ju ìgbà náà lọ.

Ní Ẹdẹ-Ilé, nítòsí Ẹdẹ ti òní, ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ogundiran wa ilẹ̀, ó sì rí ìkòkò irú ti Ọ̀yọ́, owó ẹyọ, àti egungun ẹṣin. Igi oṣè sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe igi ilẹ̀ igbó. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ó lọ tẹ ibẹ̀ dó mú ìṣe ilé wọn dání. Ìtàn kò sọ orúkọ obìnrin tí ó mọ ìkòkò náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń jẹ́rìí fún un.

Ọ̀ràn yìí kan ìjọ wa. Ní 1821 ni ogun fọ́ Òṣogùn, tí a sì kó ọmọ ahunṣọ kan lẹ́rú níbẹ̀: Samuel Àjàyí Crowther, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Láti inú ìlú tí ó parun ni ẹni tí ó ṣáájú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ti wá.

Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin tí ń dáko: bí ọkọ́ tàbí katakata bá hú ọlọ tàbí ìkòkò àtijọ́ jáde, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má sì tà á. Ohun tí a hú láì kọ ibi tí ó wà sílẹ̀ dàbí lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ẹ sì sọ fún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èsìẹ́, tí a ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ sì bi àwọn àgbà ilé yín léèrè orúkọ ahoro tí wọ́n ti wá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí yóò dáhùn ṣì wà.