Abẹ́rẹ́ Dọ́kásì

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá dé Zion Pepe ní etíkun Ìlàjẹ, tí ẹ bá àwọn àgbà níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe, ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa. Abẹ́rẹ́ onígi tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n kò jọ ti aránṣọ, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Èyí onígi ti mọ́ mi lára láti kékeré; èyí onírin, tó wà nínú agolo bisikíìtì ìyá àgbà mi, ló gbé mi dé ìdí ìtàn yìí.

Abẹ́rẹ́ bíi mẹ́wàá ló wà nínú agolo náà, díẹ̀ nínú wọn ti dógùn-ún. Àlùmọ́gàjí kékeré kan wà níbẹ̀, àti ohun onírin kan tó rí bí ife, tí aránṣọ fi ń bo orí ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún un.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria (1837 sí 1901), irú ẹrù báyìí ní ilé tirẹ̀. Àpótí onígi dáradára ni. Wọn a máa fi ìkarahun tó ń dán ṣe ọnà sí ìdérí rẹ̀, àyè ohun kọ̀ọ̀kan a sì wà nínú rẹ̀ lọ́tọ̀. Eyín erin ni wọ́n fi ń gbẹ́ àkò abẹ́rẹ́ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ erin kò sí nínú igbó Gẹ̀ẹ́sì! Àpò kékeré kan tún wà tí wọ́n di ìyẹ̀fun òkúta sí nínú: abẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ dógùn-ún, wọn a tì í bọ̀ ọ́ kí ó lè mọ́. Ìbá ti wúlò tó fún àwa tí iyọ̀ òkun ń jẹ irin wa!

Ìlú Redditch ni púpọ̀ jù lọ nínú abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ti wá, ìlú náà ló sì tún ń ṣe ìwọ̀ ẹja. Waya kan náà: lu ihò sí ìdí rẹ̀, ó di abẹ́rẹ́, tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, ó di ìwọ̀. Ní 1884, Charles Horner ará Halifax gba ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ìbòka fàdákà tó fi irin líle sí agbedeméjì rẹ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ a máa lu fàdákà lásán. Orúkọ tí wọ́n fi tà á ni Dorcas.

Dọ́kásì! Ta ni kò mọ orúkọ yìí nínú wa, tí ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ ń jẹ́? Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 9, nígbà tó kú ní Jópà, ìlú etíkun bíi tiwa, àwọn opó ń sunkún, wọ́n ń fi ẹ̀wù tó dá han Pétérù. Kò sẹ́ni tó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tiwa. A ń tọ́jú sányán àti ẹtù. Irin iṣẹ́ ńkọ́? Ayétòrò, aládùúgbò wa tí a tẹ̀ dó ní 1947, ní ilé ìránṣọ àti ilé ìhunṣọ nígbà tí gbogbo ìlú ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Òkun ti wó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Ní Redditch, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé abẹ́rẹ́ ti wà láti 1983, àwọn kan sì wà tí wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ ìsinmi ju kí wọ́n máa wá ìbòka ìka kiri ọjà.

Ẹnìkan sọ fún mi pé pàǹtí òyìnbó ni mò ń ṣàníyàn lé lórí. N kò gbà. Télọ̀ ni a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímọ̀ èdè kan so abẹ́rẹ́ mọ́ èdè Lárúbáwá. Bí wọ́n bá jàre, ọ̀nà aṣálẹ̀ ni orúkọ náà gbà wọlé, kì í ṣe ọkọ̀ òkun.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo kọ orúkọ gbogbo ohun inú agolo náà sílẹ̀ bí ìyá àgbà ti ń pè wọ́n. Bàtà ìka ni wọ́n pe ìbòka yẹn. Mo ní kí wọ́n fún mi kí n bá wọn tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró ná, àwọn kò tíì rán sùtánà tó wà lọ́wọ́ tán.