BÍ A TI ṢE KỌ́ ÀWỌN ỌMỌ WA NÍ A B D NÍ ILẸ̀ ÌGBÓMÌNÀ

Bí a ti ń ka oore Ọlọ́run ní àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, kò yẹ kí a gbàgbé síléètì àti pátákó. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, ilé kan náà ni ìjọ àti ilé-ìwé ń lò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi a ń gbàdúrà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé àwọn ọmọdé ń pe A B D níbẹ̀. Ẹnì kan náà ni ó sì sábà ń ṣe katikíìsì àti tíṣà.

Ẹni tí a kò lè ṣàì dárúkọ ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní 1822, tí a mú un lọ sí Sàró. Nínú ìwé tí òun tìkára rẹ̀ kọ ní 1837, ó jẹ́rìí pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà òun ti lè ka Májẹ̀mú Titun, a sì fi òun ṣe olórí àwọn ọmọ ilé-ìwé, pẹ̀lú owó-oṣù péńsì méje àbọ̀. Ẹ kíyè sí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ́ ìwé kíkà. Bí ó bá ti mọ sí bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba ni ìwé tí àwa ì bá ní. Ṣùgbọ́n ní 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Nígbà tí ó fi di 1849, ìwé A B D Yorùbá ti wà. Ní 1875 ni ó sì ṣe alága ìpàdé Èkó tí ó fi ìdí ọ̀nà ìkọ̀wé wa múlẹ̀.

Bí a ti ń kọ́ ọmọ nì yìí. Tíṣà a kọ ọ́ sára pátákó, àwọn ọmọ a sì máa dá a lóhùn bí ẹni ń kọrin: b-a, ba, b-e, be, b-ẹ, bẹ, títí dé bu. Kọ́ńsónáǹtì 18 ni a ní, àti fáwẹ̀lì 7. Bí a bá so wọ́n pọ̀, 126 ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ 126 wọ̀nyí, tí a sì fi an, in, ọn àti un kún un fún un, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ tí kò lè pè. Lẹ́tà 26 ni Òyìnbó fi ń kọ ìró bí 44, nítorí náà ni àwọn ọmọ tiwọn pàápàá fi ń jìyà sípẹ́lì fún ọdún púpọ̀.

Ohùn ni ó ṣòro. Àmì ohùn kò pọ̀ nínú àwọn ìwé àtijọ́, ọmọ a sì ní láti ka gbólóhùn tán kí ó tó mọ̀ bóyá igba ni, tàbí igbá, tàbí ìgbà, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́yìn èyí, èdè inú ìwé kì í ṣe bí a ti ń sọ ọ́ ní Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́. Ti Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ni. Síbẹ̀ ará ilé ni, kì í ṣe àlejò.

Láti 1900 ni ìjọba Òyìnbó ti ka ilẹ̀ Ìgbómìnà mọ́ Àríwá, lábẹ́ Ìlọrin, níbi tí ilé-ìwé ìjọ kò pọ̀ tó ti Gúúsù. Ìwé kíkà ré ẹnubodè náà kọjá. Ní 1933, Ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, alábòójútó àwọn ilé-ìwé CMS, dé Èsìẹ́, ó sì ròyìn àwọn ère òkúta tí ó lé ní 800 fún ayé. (Wọn kò sọnù o, àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n láti ayé baba ńlá wọn.) Ní 1945 ni a ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà síbẹ̀. Ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti síléètì ni ó ròyìn wọn.

Ní àwọn ọdún 1940 ni Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ dé. Ará ìjọ Àgùdà ni, ṣùgbọ́n a kì í ṣe ìlara ohun rere. Ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò rẹ̀yìn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọn kò kéré sí àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta péré.

Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù November 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní ó ń mú kí àwọn ọmọ kùnà nínú ìdánwò. Ní tèmi, ẹ̀rí Mọdákẹ́kẹ́ kò bá wọn wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni kò tilẹ̀ dúró de ìjọba, a ti kó ọmọ lọ síbi tí a ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. Nísisìyí, ọmọ ọdún mẹ́wàá a máa ka ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ketekete nínú ilé ìsìn. Ṣùgbọ́n bí a bá pe orin Yorùbá, á wo nọ́ńbà, á ṣí ìwé síbi tí ó yẹ, á sì máa wo ẹnu ìyá rẹ̀.