Sífíì

Sífíì (CV) ni ìwé tí ẹni tó ń wáṣẹ́ fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún agbanisíṣẹ́. Èdè Látìn ló ti wá: ipa ọ̀nà ìgbésí ayé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ tí a ti ṣe àti àwọn tó lè jẹ́rìí ẹni ló ń wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tàbí ìwé ẹ̀rí tó dé kẹ́yìn là ń kọ ṣáájú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Yewa tí ẹ kàwé ní Políìtẹ́kíníkì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìlaròó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, ẹ má fi mọ sórí ìwé ẹ̀rí nìkan. Bí ẹ bá gbọ́ Faransé tàbí Ègùn nítorí òwò ẹnubodè Ìdìròkò, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi irọ́ kún sífíì yín.