Orúkọ Ọmọkùnrin ní Ilẹ̀ Àkádì

Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì Yorùbá ti pàdé Senakéríbù, ọba Ásíríà tí ó gbógun ti Júdà. Nínú ìwé ìtàn tí a fi èdè Faransé kọ, Sennachérib ni wọ́n ń pè é. Kò sí èyí tí ó sàn ju èkejì lọ, nítorí ẹnu àjèjì ni orúkọ náà gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ààfin Nínéfè, Sin-ahhe-eriba ni ọba náà ń jẹ́. Odindi gbólóhùn ni: “Sin ti fi èyí dípò àwọn arákùnrin tí ó lọ.” Sin ni òrìṣà òṣùpá. Ọmọ náà kì í ṣe àkọ́bí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti kú kí a tó bí i. Ọ̀fọ̀ tí ó ṣẹ ilé náà wà nínú orúkọ ọmọ tí ó yè.

Èdè Àkádì ni èdè àwọn ará Bábílónì àti Ásíríà, láàrin odò Tígírísì àti odò Yúfúrétì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí. Fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ni wọ́n fi ń kọ̀wé sára wàláà amọ̀, lẹ́yìn náà ni ó kú, tí kò sì sí ẹni tí ó lè kà á mọ́. Ní 1843, Paul-Émile Botta, aṣojú ìjọba Faransé ní Mósúlù, bẹ̀rẹ̀ sí í wú ààfin kan jáde ní Khorsabad. Ààfin Sargon Kejì ni, bàbá Senakéríbù gan-an. Nígbà tí ó di 1857, a fún ọ̀mọ̀wé mẹ́rin ní àkọsílẹ̀ kan náà kí olúkúlùkù túmọ̀ rẹ̀ láìrí ti ẹnìkejì. Jules Oppert, ọmọ Jámánì tí ó ti di ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára wọn. Ìtumọ̀ wọn bára mu tó bẹ́ẹ̀ tí iyèméjì fi kásẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ènìyàn ni ó máa ń pẹ́ yanjú jù lọ. Nọ́ńbà 30 ni àwọn akọ̀wé máa ń kọ fún orúkọ Sin, nítorí ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n kà sí oṣù kan. Ta ni kò ní ṣi irú rẹ̀ kà?

Orúkọ ọmọkùnrin wọn sábà máa ń pe òrìṣà, á sì sọ ohun tí ó ṣe tàbí ohun tí a ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe. Ashur-bani-apli ni “Ashur ni ẹlẹ́dàá àrólé.” Nabu-kudurri-usur, tí Bíbélì wa ń pè ní Nebukadinésárì, ni “Nabu, dáàbò bo àrólé mi.” Èyí tí ó wù mí jù ni ọ̀rọ̀ náà shumu. “Orúkọ” ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ inú orúkọ ènìyàn, ọmọ ni ó dúró fún. Àkọ́bí Senakéríbù ń jẹ́ Ashur-nadin-shumi, “Ashur ni ó ń fúnni ní orúkọ.” Bàbá rẹ̀ fi í jọba ní Bábílónì, ní ọdún 694 ṣáájú Kristi, àwọn ará Élámù mú un lẹ́rú lọ.

Àwọn tí kì í ṣe ọba náà jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ea-nasir ni “Ea ni aláàbò.” Oníṣòwò bàbà ni ẹni tí ó jẹ́ ẹ ní ìlú Úrì, ní nǹkan bí ọdún 1750 ṣáájú Kristi. Lẹ́tà tí oníbàárà rẹ̀ kan, Nanni, kọ sára amọ̀ láti bá a jà nítorí bàbà tí kò dára ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ea kò dáàbò bo Nanni, ó dájú.

Àwọn mìíràn wà tí ẹ̀rín kò sí nínú wọn. Ali-ahum: “Arákùnrin dà?” Atanah-ili: “Ó ti rẹ̀ mí, ọlọ́run mi.” Adi-mati-ili: “Títí di ìgbà wo, ọlọ́run mi?” Johann Jakob Stamm, tí ó tẹ ìwé ńlá jáde lórí orúkọ Àkádì ní 1939, ya irú ti Senakéríbù sọ́tọ̀, ó sì pè é ní orúkọ ìdípò.

Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò rántí Rẹ̀mílẹ́kún, Babátúndé àti Kòsọ́kọ́. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń fò láti ìjọra bọ́ sínú ìbátan. Wọ́n á mú Lámúrúdu inú ìwé ìtàn Samuel Johnson, wọ́n á so ó mọ́ Nímírọ́dù, wọ́n á ní Bábílónì ni a ti wá. Èmi kò gbà. Ìbátan èdè Àkádì hàn gbangba: ahu, arákùnrin, ni akh lẹ́nu Lárúbáwá, shumu ni shem lẹ́nu Hébérù. Kò sí irú èyí láàrin wọn àti àwa. Ibi tí ọmọdé bá ti ń kú púpọ̀, àwọn òbí á máa fi orúkọ èyí tí ó kù bá ọ̀run sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ní Nínéfè tàbí ní Kétu.

Senakéríbù náà sọ ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ọmọ rẹ̀ ní Ashur-ahu-iddina, “Ashur ti fúnni ní arákùnrin kan.” Bí ẹni pé àwọn ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń kí i káàbọ̀. Nígbà tí ó yá, ọba fo àwọn ẹ̀gbọ́n náà dá, ó fi àbúrò yìí ṣe àrólé, ó sì fún un ní orúkọ tuntun: Ashur-etel-ilani-mukin-apli, “Ashur, ọmọ-aládé àwọn ọlọ́run, ni ó fi àrólé múlẹ̀.” A yọ “arákùnrin” kúrò, a fi “àrólé” sí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n kò gbà. Ní ọdún 681 ṣáájú Kristi, wọ́n pa bàbá wọn, gẹ́gẹ́ bí Ìwé Àwọn Ọba Kejì ti sọ. Àbúrò jagun, ó sì gba ìtẹ́. Síbẹ̀, orúkọ tuntun náà ṣọ̀wọ́n nínú àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ashur-ahu-iddina ni ó ń pe ara rẹ̀, títí ó fi kú lójú ọ̀nà ogun Íjíbítì ní ọdún 669.