Ta Ló Mọ̀ Pé Oògùn Ń Ṣiṣẹ́?

Ó ti pé oṣù méjì tí àbúrò wa ọkùnrin ti ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nílé wa ní Ayépé, lápá Odògbolú. Dókítà ní ó ti ń sàn. Ìyá wa ò gbà. Wọ́n ní, "Gbogbo ohun tí mo bá gbé síwájú ẹ̀ ló ń jẹ láìsọ nǹkan kan. Ọmọ mi kọ́ nìyẹn. Ọmọ mi á ti ní ìkọ́kọrẹ́ yìí ò dùn."

Ni ẹnìkan bá kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí: "Ayé ti lajú o. Ṣé wọn ò lè ya fọ́tò ọpọlọ ẹ̀ ni, ká mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwa la lọ wádìí, ìwádìí náà sì kọ́kọ́ gbé wa lọ sí Árò.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé èébú ni "gbé e lọ sí Árò" lẹ́nu wa ní Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, dá nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí gbogbo ayé wá wò. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé láwọn abúlé tó yí Árò ká, kí mọ̀lẹ́bí kan wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú lọ́sibítù, wọ́n á padà sáàárín àwọn èèyàn, wọ́n á bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Ó tiẹ̀ pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Bá a ṣe rò ó, ojú tó ń wo aláìsàn ti pọ̀ nìyẹn. Onílé ń gbọ́ bó bá ń rìn kiri lóru, ẹni tó ń se oúnjẹ fún un ń rí ohun tó ṣẹ́ kù nínú abọ́.

Ní 1961, Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell l'Amẹ́ríkà wá bá Lámbò ṣèwádìí ní Abẹ́òkúta àtàwọn abúlé rẹ̀. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun tí òyìnbó ń pè ní depression, àmọ́ àwọn èèyàn mọ àmì rẹ̀ dáadáa: àìsùn, ẹkún, àárẹ̀, oúnjẹ tí kò wù wọ́n jẹ.

Àmì wọ̀nyẹn náà ni Max Hamilton ní Leeds fi ṣe ìbéèrè mẹ́tàdínlógún ní 1960. Dókítà á bi ọ́, á fún ọ ní máàkì. Tí máàkì bá ń lọ sílẹ̀, ara ń yá nìyẹn. Títí dòní ni wọ́n ń lò ó.

Ó wá ku fọ́tò. Ẹ̀rọ PET wà tó ń rí bí ọpọlọ ṣe ń jẹ ṣúgà: wọ́n á fún èèyàn lábẹ́rẹ́ ṣúgà tó ní ìtànṣán díẹ̀, apá tó bá ń ṣiṣẹ́ jù á sì hàn. Ní 2000, Helen Mayberg àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọkùnrin tó ń lo fluoxetine. Wọn ò tó ogún. Lọ́sẹ̀ kìíní, ọpọlọ gbogbo wọn ti yí padà, àtẹni tó máa sàn àtẹni tí kò ní í sàn. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ìyàtọ̀ tó hàn: lára àwọn tó sàn, ibì kan nísàlẹ̀ iwájú ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní area 25, ti rọlẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ àwọn tó sàn? Ìbéèrè Hamilton ni. Ẹnu aláìsàn ni wọ́n fi túmọ̀ fọ́tò! Títí di ìsinsìnyí, kì í ṣe fọ́tò ọpọlọ ni dókítà fi ń mọ̀ bóyá oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ń ṣiṣẹ́ lára ẹnìkan. Inú ìwádìí ló ṣì wà.

A kọ èyí sórí WhatsApp. Lẹ́yìn náà la gba bírò, a ní kí ìyá wa máa sọ ohun tí wọ́n ń rí, oorun, oúnjẹ, àròyé, ká lè mú un lọ fún dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wa. Ojú ìwé kan àtààbọ̀ ni.