Ta Ni Ó Ń Sọ̀rọ̀ Lẹ́nu Wọn?

Gbogbo àwa tí a ń tọ́mọ ní ìdálẹ̀ ni a mọ bí àárọ̀ Sátidé ti máa ń rí. Bí a bá ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ọmọ yóò ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kàtúùnù ni wọn yóò máa wò. A máa ń rò pé eré ọmọdé lásán ni, àfi ìgbà tí ọmọ ọdún mẹ́fà kan nínú ilé wa ń wo The Lion King tí ó bi wá pé, "Kí ló dé tí àwọn ìkookò burúkú yìí ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ará àdúgbò wa, tí ọba kìnnìún ń sọ̀rọ̀ bí tíṣà?" A kò rí èsì fún un. Ìbéèrè yìí ni ó mú wa tọ ìtàn àwọn fíìmù wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1937 ni Snow White and the Seven Dwarfs jáde, fíìmù kàtúùnù gígùn àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ Disney ṣe. Iṣẹ́ Snow White nínú rẹ̀ kò ju kí ó gbálẹ̀, kí ó fọ abọ́, kí ó dáná fún ọkùnrin méje, kí ó sì sùn títí ọmọ ọba yóò fi wá jí i. Bí nǹkan ti rí nínú ilé-iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí. Àwọn ọkùnrin ni ó ń ya eré. Iṣẹ́ obìnrin ni láti fi tàdáwà tẹ̀ lé ìlà tí ọkùnrin ti fà, kí wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà. Nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan kọ̀wé béèrè iṣẹ́ ní ọdún 1938, èsì tí wọ́n fún un ni pé obìnrin kì í ṣe iṣẹ́ àtinúdá níbẹ̀. Ọdún 1942, nínú fíìmù Bambi, ni orúkọ obìnrin kan, Retta Scott, ṣẹ̀ṣẹ̀ fara hàn láàárín àwọn tí ó ya eré.

Ti àwa aláwọ̀ dúdú tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Fantasia ti ọdún 1940, ọmọbìnrin dúdú kan wà tí ó jẹ́ ìdajì ènìyàn, ìdajì ẹranko. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dán pátákò àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe dúdú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n gé e kúrò nínú fíìmù náà. Nínú Dumbo ti ọdún 1941, àwọn kannakánná ń sọ̀rọ̀ bí aláwọ̀ dúdú. Jim Crow ni orúkọ tí àwọn ayàwòrán fún olórí wọn, orúkọ kan náà tí a ń pe òfin ìyàsọ́tọ̀ tí ó ń jẹ aláwọ̀ dúdú níyà ní gúúsù Amẹ́ríkà. Aláwọ̀ funfun kan, Cliff Edwards, ni ó sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu kannakánná yìí.

Ẹ wá wo Song of the South ti ọdún 1946, tí ó pa ènìyàn gidi àti kàtúùnù pọ̀. Àlọ́ Ehoro ni ó wà níbẹ̀, títí kan bí ó ti lẹ̀ mọ́ ère tí a fi ọ̀dà dúdú ṣe. Ta ni nínú wa tí kò mọ ìtàn Ìjàpá tí ó gbá ère alátè létí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn? Àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni ó gbé irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá òkun. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù yìí, inú oko ńlá òyìnbó ni bàbá dúdú kan ti ń pa á fún ọmọ funfun tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni pé ìyà kankan kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ NAACP fi ẹ̀hónú hàn. James Baskett tí ó ṣe bàbá náà kò sí níbi àkọ́hàn fíìmù náà ní Atlanta, nítorí ìyàsọ́tọ̀ tí ó wà nílùú náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Oscar àkànṣe ní ọdún 1948.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ ni a ń gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí Aladdin jáde ní ọdún 1992, àwọn ará Lárúbáwá tí ó wà ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀hónú hàn sí orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì yí i padà nínú fídíò ọdún 1993. Ní ti The Princess and the Frog ti ọdún 2009, ìránṣẹ́bìnrin ni Tiana ìbá jẹ́ kí àwọn ènìyàn tó kọ̀ ọ́. Ó di ọmọ ọba dúdú àkọ́kọ́ nínú kàtúùnù Disney, ṣùgbọ́n àwọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni ó gbé wọ̀ nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú eré náà.

Ohùn obìnrin ńkọ́? Nínú The Little Mermaid ti ọdún 1989, ọmọbìnrin inú omi fi ohùn rẹ̀ dọ́rẹ kí ó lè ní ẹsẹ̀. Ní ọdún 2016, onímọ̀ èdè méjì, Carmen Fought àti Karen Eisenhauer, ka ọ̀rọ̀ inú irú fíìmù wọ̀nyí. Wọ́n rí i pé ọkùnrin ni ó sọ ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ inú ìyẹn, àti ìdá 90 nínú ti Aladdin.

A wá padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. A sọ fún un pé kìnnìún àti ìkookò kò ní ohùn tiwọn. Ènìyàn ni ó ń yan ohùn fún wọn. Aláwọ̀ dúdú ni James Earl Jones tí ó sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọba, ṣùgbọ́n ohùn àwọn aṣáájú ìkookò ni wọ́n jẹ́ kí ó dún bí ti àdúgbò wa. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ní ọdún 2024 ni Iwájú jáde, ìtàn ọjọ́ iwájú ìlú Èkó. Disney kan náà ni ó gbé e jáde, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó dá ilé-iṣẹ́ Kugali sílẹ̀ ni ó rò ó, ọmọ wa Olufikayo Adeola sì ni olùdarí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan, Tọ́lá, wà láàárín ìtàn náà, ohùn ọmọ Nàìjíríà ni a sì ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọdún 2020 ni Disney fi ìkìlọ̀ tí ó le síwájú Dumbo àti àwọn mìíràn. Ìkìlọ̀ dára, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò òbí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a jókòó ti àwọn ọmọ wa, kí a sì bi wọ́n pé, ta ni ó ń pàṣẹ, ta ni ó ń gbálẹ̀, ta ni a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́? Lẹ́yìn náà, kí a pa tẹlifíṣọ̀n, kí a pa àlọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, àlọ́ Ìjàpá àti ère alátè ni a pa. Bí a ti parí rẹ̀ ni ọmọ náà dìde pé, "Ẹ jẹ́ kí èmi náà pa á."